Pẹpẹ Pákó Tí A Ń Sá Kòkó Lé: Bí A Ṣe Lè Dènà Bíbu àti Bí A Ṣe Lè Mú Un Kúrò

Ẹ̀kọ́ yìí dá lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kà kún iṣẹ́ rárá, èyí ni pákó tí a ń tẹ́ kòkó lé. Ìta gbangba ni pákó náà ń gbé. Ibẹ̀ ni oòrùn ti ń pa á, ibẹ̀ ni òjò ti ń pa á pẹ̀lú. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ojú rẹ̀ a máa yí padà. A di àwọ̀ eérú, a ní àmì dúdú káàkiri, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ ohun funfun tàbí ohun aláwọ̀ ewé a hù sí i lára bí òwú tí a gbọ̀n lé e. Èyí ni à ń pè ní bíbu. Bí a bá rí i, a kàn ń fi aṣọ nù ún, a sì ń tẹ́ kòkó lé e padà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ lónìí ni pé nínù nìkan kò tó, àti pé ẹni tí ó bá mọ ìdí tí pákó fi ń bu yóò rí i pé iṣẹ́ dídènà rẹ̀ kò le.

1. ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ FI KÀN WÁ

Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò. Àgbẹ̀ gbin kòkó, ó ń ro ó fún ọdún mélòó kan kí ó tó so. Ó fín oògùn sí i nítorí àrùn tí ń sọ èso di dúdú. Ó já a, ó fọ́ ọ, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà kí ó lè kan dáadáa. Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí, ohun tí ó kù kò ju ọ̀sẹ̀ kan sí ọ̀sẹ̀ méjì lójú oòrùn lọ. Bí kòkó náà bá bàjẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ ọdún gbogbo ni ó bàjẹ́.

Bí a bá ń yẹ kòkó wò, hóró 300 ni a ń mú. A ó fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì ní òòró, lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì wo inú wọn. Bí èyí tí ó bu kò bá ju 3 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, èyí ni hóró 9 nínú 300, kòkó náà lè wà ní ipò kìíní. Bí ó bá ju 3 lọ tí kò sì ju 4 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, èyí ni hóró 12, ipò kejì ni. Bí ó bá pé hóró 13, kò sí ní ipò kankan mọ́. Nítorí náà, hóró mẹ́rin péré ni ó wà láàárín kòkó tí a gbà sí ipò kìíní àti kòkó tí a kọ̀. Hóró mẹ́rin kò kún àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

Àwọn àgbà tí wọ́n ta kòkó fún Ìgbìmọ̀ Títà Kòkó, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, mọ bí owó ipò kìíní ṣe yàtọ̀ sí owó ipò kejì. Ìjọba ti tú àwọn ìgbìmọ̀ ìtajà irè oko ká ní ọdún 1986, ṣùgbọ́n lílà kòkó wò kò bá wọn lọ. Ẹni tí ń rà á lónìí ṣì ń là á wò, bí ó bá sì rí bíbu, owó ni yóò yọ tàbí kí ó kọ ẹrù sílẹ̀.

Ohun mìíràn sì tún wà tí ó ju owó lọ. Irú bíbu kan wà tí ń ṣe májèlé sínú kòkó. Orúkọ májèlé náà ni ochratoxin, kíndìnrín ni ó sì ń bá jà. Yíyan kòkó kì í mú un tán pátápátá. Nítorí èyí, láti ọdún 2023 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n para pọ̀ ti fi òfin dí iye rẹ̀ tí ó lè wà nínú ìyẹ̀fun kòkó tí a ń tà níbẹ̀. Ọ̀nà tí ó dára jù láti bọ́ lọ́wọ́ òfin náà ni pé kí kòkó má bu rárá láti ọwọ́ àgbẹ̀ wá.

2. KÍ NI BÍBU?

Bíbu kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Ohun abẹ̀mí ni, ìbátan olu tí ń hù lára igi tí ó ti rà. Bí olu, ó ní irúgbìn tirẹ̀, ṣùgbọ́n irúgbìn náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè rí i. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ń fò káàkiri. Ó wà lórí pákó yín nísinsìnyí, ó wà lára ẹní, ó wà lára aṣọ tí ẹ wọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè gbá a tán kúrò láyé.

Kí irúgbìn yìí tó lè hù, ohun mẹ́rin ni ó ń fẹ́: afẹ́fẹ́, ooru, oúnjẹ, àti omi. A kò lè gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ooru ilẹ̀ wa kò ṣe é lé lọ. Ní ti oúnjẹ, ara igi fúnra rẹ̀ ni, àti omi dídùn ara kòkó tí ó ń kán sórí pákó tí ó sì ń gbẹ mọ́ ọn. Èyí a lè dín kù, ṣùgbọ́n a kò lè mú un kúrò tán. Omi nìkan ni ó wà ní ìkáwọ́ wa pátápátá. Bí omi tí ó wà nínú igi kò bá tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n igi gbígbẹ, bíbu kò ní rí ibi gbé. Ṣùgbọ́n bí igi bá wà ní tútù fún ọjọ́ kan sí méjì, irúgbìn náà lè ti bẹ̀rẹ̀ sí hù.

Gbogbo ẹ̀kọ́ yìí wà nínú gbólóhùn kan: PÁKÓ TÍ Ó BÁ TÈTÈ GBẸ KÌ Í BU. Ohunkóhun tí a bá ní kí ẹ ṣe láti ìhín lọ, nítorí kí pákó lè tètè gbẹ ni.

3. BÍ PÁKÓ TÍ Ó BU ṢE Ń BA KÒKÓ JẸ́

Ọ̀nà mẹ́ta ni. Èkíní, pákó tí ó mu omi ń fi omi náà fún hóró tí ó wà nísàlẹ̀. Bí a bá ti parí bíbo kòkó, nǹkan bí ìdá 55 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni omi. A ní láti sá a títí omi náà yóò fi dínkù sí ìdá 7 àbọ̀. Bí ó bá ju ìdá 8 lọ, ó lè bu nínú àpò. Bí hóró òkè bá ń gbẹ, tí hóró ìsàlẹ̀ sì ń mu omi láti ara pákó, àgbẹ̀ yóò rò pé kòkó òun ti gbẹ nígbà tí ìdajì rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Èkejì, bíbu ara pákó ń ran kòkó. Hóró tí èèpo rẹ̀ pé lè dáàbò bo ara rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n hóró tí àdá ti là lára nígbà tí a ń fọ́ kòkó ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Inú ihò yẹn ni bíbu ń gbà wọlé.

Ẹ̀kẹta, òórùn. Ọ̀rá pọ̀ nínú kòkó, ọ̀rá a sì máa fa òórùn mọ́ra. Kòkó tí ó sùn lórí pákó tí ó ń rùn yóò gbé òórùn náà lọ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rà á.

Ẹ má sì gbàgbé ara yín. Ekuru tí ń jáde lára pákó tí ó bu a máa mú àyà ẹlòmíràn dí, a sì máa mú un húkọ́, pàápàá àwọn ọmọdé àti ẹni tí ó ní àìsàn ikọ́ fée.

4. IGI WO NI KÍ A FI KAN PẸPẸ?

Ìrókò, ọ̀pẹ̀pẹ̀ àti apá ni igi tí ó ń pẹ́ jù lójú òjò. Arère àti àfàrà rọrùn láti gé, wọn kò sì wọ́n bí àwọn ti ìṣáájú, ṣùgbọ́n bí òjò bá ń pa wọ́n lóòrèkóòrè, wọn kì í pẹ́ rà. Àràbà kò dára fún iṣẹ́ yìí rárá.

Nígbà tí ẹ bá lọ ra pákó, ẹ má wo orúkọ igi nìkan. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Àárín igi ni ó lágbára. Ẹ̀gbẹ́ tí ó sún mọ́ èèpo, tí ó sì funfun ju àárín lọ, kò lágbára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìrókò. Pákó ìrókò tí ìdajì rẹ̀ funfun yóò rà ní ìdajì. Ẹ má sì kan pẹpẹ pẹ̀lú igi tútù. Ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín pákó kan sí èkejì kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á kọjá, títí yóò fi gbẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: igi tí kì í tètè rà pàápàá lè bu lójú. Igi líle ń dá rírà dúró. Gbígbẹ nìkan ni ó ń dá bíbu dúró.

5. BÍ A ṢE LÈ KAN PẸPẸ TÍ Ó TÈTÈ Ń GBẸ

Ibi tí a gbé pẹpẹ kalẹ̀ ni ó ṣáájú. Ẹ yan ibi tí oòrùn ń dé láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí. Ẹ má gbé e sí abẹ́ igi, nítorí ìrì àti omi òjò a máa kán láti ara ewé fún wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn tí òjò bá ti dá. Ẹ ro abẹ́ rẹ̀ mọ́. Koríko tí ó bá ga débi pákó ń gbé ọ̀rinrin lọ bá a.

Kí pẹpẹ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀, kí ó má sì fẹ̀ ju èyí tí ọwọ́ ènìyàn lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ má ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lé orí òkúta pẹlẹbẹ tàbí sìmẹ́ǹtì, kí igi má baà máa fa omi láti inú ilẹ̀, kí ẹ sì lè tètè rí ọ̀nà ikán.

Ẹ má kan pákó mọ́ ara wọn pinpin. Ẹ fi àlàfo tí ó tó ìdá mẹ́rin íǹṣì kan sí àárín wọn, kí omi lè jò lọ sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ sì lè gba abẹ́ wá sókè. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tẹ́ ẹní lé e. Ẹ jẹ́ kí ojú pẹpẹ dagun díẹ̀ sí apá kan, kí omi òjò má baà dúró lórí rẹ̀.

Ẹ kíyè sí orí pákó níbi tí ayùn ti gé e. Ibẹ̀ ni omi ti ń wọ inú igi jù lọ, bí ìgbà tí a fi ìdí ewébẹ̀ sínú omi. Ẹ jẹ́ kí òrùlé tàbí pákó mìíràn bo ibẹ̀.

6. ÌTỌ́JÚ NÍ OJOOJÚMỌ́

Kòkó ńlá a máa bẹ̀rẹ̀ sí wọlé ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò kò tíì lọ. Ọyẹ́ tí ń gbẹ nǹkan kì í dé títí di ìparí ọdún. Ní àárín àkókò méjèèjì yìí ni ewu wà, ibẹ̀ sì ni kí a ti ṣọ́ra jù.

Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó tẹ́ kòkó, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan pákó. Bí ó bá tutù ju ọwọ́ lọ, ọ̀rinrin ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á ná. Ẹ má ṣe tẹ́ kòkó nípọn ju íǹṣì 2 lọ, kí ẹ sì máa rò ó lóòrèkóòrè, kí ti ìsàlẹ̀ lè dé òkè.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gbá èérún àti omi kòkó tí ó lẹ̀ mọ́ pákó kúrò. Oúnjẹ bíbu nìyẹn. Ẹ má fi í sílẹ̀ dalẹ́.

Bí òjò bá ń bọ̀, ẹ bo kòkó, ṣùgbọ́n kí ìbòrí náà má fara kan án. Ẹ fi ọ̀pá gbé rọ́bà tàbí tapólìn náà sókè bí òrùlé, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣí fún afẹ́fẹ́. Rọ́bà tí a tẹ́ lé kòkó lójú ara rẹ̀ yóò làágùn lábẹ́, omi òógùn náà yóò sì padà sórí kòkó àti pákó. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti sá fún òjò báyìí, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ṣe òjò mìíràn. Ní kété tí òjò bá dá, ẹ ká ìbòrí náà kúrò.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ gbé ẹní kúrò, kí ẹ sá tojú tẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí oòrùn rí ojú pákó. Bí ìgbà kòkó bá parí, ẹ fọ pẹpẹ, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì tò ó sábẹ́ òrùlé títí di ọdún tí ń bọ̀.

7. BÍ A ṢE LÈ MÚ BÍBU KÚRÒ

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé bíbu ni ohun tí ẹ ń wò. Àmì dúdú tí ó yí ìdí ìṣó ká kì í sábà jẹ́ bíbu. Omi ara igi ni ó pàdé irin, tí ó sì dúdú. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ kán ẹ̀kán bílíìṣì kan sí ojú àmì náà. Bí ó bá ṣí lójú ní ìṣẹ́jú kan sí méjì, bíbu ni. Bí kò bá yí padà, ìdọ̀tí tàbí àmì irin ni.

Nígbà tí ó bá ti dá yín lójú, ẹ ṣe báyìí:

(i) Ẹ kó gbogbo kòkó àti ẹní kúrò, kí wọ́n jìnnà sí ibi iṣẹ́. Ẹ yan òwúrọ̀ ọjọ́ tí oòrùn yóò ràn, kí pákó lè rí ọjọ́ gbẹ.

(ii) Ẹ fi aṣọ tàbí ìbomú bo imú àti ẹnu, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ sì dúró síbi tí afẹ́fẹ́ yóò gbé ekuru lọ kúrò lọ́dọ̀ yín.

(iii) Ẹ má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá bíbu gbígbẹ, nítorí yóò fò káàkiri. Ẹ fi aṣọ tí a fi omi rẹ díẹ̀ nù ún kúrò ní àkọ́kọ́, kí ẹ sì sin aṣọ náà tàbí kí ẹ sun ún.

(iv) Ẹ fi ọṣẹ, omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì onírun líle fọ ojú pákó. Ẹ máa fọ̀ ọ́ tẹ̀lé ìlà igi, ẹ má dá a lábùú. Ẹ fọ inú àlàfo, ẹ̀gbẹ́ àti abẹ́ pẹ̀lú, nítorí abẹ́ ni ó sábà ń pamọ́ sí. Ẹ má da omi púpọ̀ sí i. Omi díẹ̀, agbára ọwọ́ púpọ̀.

(v) Ẹ fi omi mímọ́ ṣan án, kí ẹ nù ún, kí ẹ sì gbé e dúró ní ìbú kí oòrùn pa á tojú tẹ̀yìn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ìpele yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí tí ó kù lọ. Ẹni tí ó fọ pákó tí kò sá a ti bomi rin bíbu ni.

(vi) Bí àmì bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ó ti gbẹ, tí ó sì ṣì ń pọ̀ sí i, ẹ lè po ife 1 bílíìṣì mọ́ ife 16 omi, kí ẹ fi fọ ibẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ sì ṣan án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má tẹ́ kòkó lé e títí yóò fi gbẹ tí kò sì ní rùn mọ́. Ẹ mọ̀ pé ojú igi ni bílíìṣì ń mọ; kì í wọnú igi lọ jìnnà. Àmì tí kò tàn ká mọ́ kò léwu. Àwọ̀ lásán ni.

(vii) Bí ojú pákó bá ti há tí ó sì ń ya, kí káfíńtà fá a títí yóò fi kan igi mímọ́. Kí ó bo imú rẹ̀, nítorí ekuru ìrókò a máa yún ara, a sì máa mú ènìyàn sín.

ÌKÌLỌ̀: Ẹ má ṣe po bílíìṣì mọ́ ọtí kíkan, tàbí mọ́ oògùn tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tàbí mọ́ oògùn ìfọ̀ mìíràn. Èéfín olóró ni yóò jáde níbẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn. Ẹ má fi í sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó, ẹ má sì rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu.

8. OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FI KUN PẸPẸ

Àwọn kan a máa fi epo pupa tàbí àdín pa pákó kí omi má baà wọ̀ ọ́. Kò dára. Epo wọ̀nyí kì í gbẹ mọ́ igi lára. Wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ekuru, wọ́n sì ń di oúnjẹ fún bíbu.

Àwọn mìíràn a máa lo ọ́ìlì ọkọ̀ tí a ti lò. Èyí burú jù. Májèlé wà nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ yóò sì wọ kòkó. Bákan náà ni oògùn tí a fi ń lé ikán lára igi. Bí ikán bá ń dà yín láàmú, ẹsẹ̀ pẹpẹ nìkan ni kí ẹ fi í pa, ní ìgbà tí kòkó kò sí níta, kí ó sì gbẹ pátápátá. Kí ó má dé ojú pákó láéláé. Ẹ má fi àjákù igi tí a ti fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ ṣe dá iná oúnjẹ, nítorí èéfín rẹ̀ léwu.

Ọ̀dà náà kò yẹ fún ojú pẹpẹ ìsákòkó. Bí ó bá ya, omi yóò wọ abẹ́ rẹ̀, kò sì ní rọ́nà jáde. Pákó tí kò ní ohunkóhun lára, tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń dé, ni ó dára jù fún kòkó.

Ẹni tí ó ní tábìlì pákó níta fún iṣẹ́ mìíràn, bí i ti káfíńtà tàbí ti ẹni tí ń tún irinṣẹ́ oko ṣe, lè kun tirẹ̀ ní ọ̀dà igi, nítorí oúnjẹ kì í dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó fọ̀ ọ́ kí ó sì gbẹ dáadáa ná. Ẹni tí ó kun ọ̀dà lé igi tútù ti ti omi mọ́ inú ilé. Ní ti tábìlì tí a ń bó ẹ̀gẹ́ tàbí tí a ń to àgbàdo lé, òfin ti kòkó ni kí ẹ tẹ̀lé.

9. ÌGBÀ TÍ PÁKÓ KÒ ṢE É TÚNṢE MỌ́

Bíbu kì í jẹ agbára igi lọ títí. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin tí ó pe bíbu wá ni ó ń pe rírà wá pẹ̀lú, rírà sì ń jẹ igi dé inú. Láti mọ ìyàtọ̀ wọn, ẹ mú ọ̀bẹ tàbí ìṣó gígùn, kí ẹ fi gún igi, kí ẹ sì gbé e sókè. Bí èérún tí ó yọ bá gùn tí ó sì le, igi náà yè. Bí ó bá ṣẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láìní agbára, ó ti rà. Ẹ yọ pákó náà kúrò kí ẹ sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí ó tó wó lulẹ̀ pẹ̀lú kòkó lórí. Kékeré ni a ti ń pa ẹkàn ìrókò. Pákó kan tí a pààrọ̀ lónìí ni ó ń gba gbogbo pẹpẹ là.

10. IṢẸ́ ẸGBẸ́

Pẹpẹ tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ni ó sábà ń bu jù, nítorí olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn yóò fọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá da kòkó pọ̀ sínú àpò kan, hóró tí ó bu láti orí pákó kan ni yóò bá gbogbo wa wálẹ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa fi ọwọ́ kan pákó ní òwúrọ̀, tí yóò sì máa rí sí ìbòrí bí òjò bá ṣú. Kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́. Kí ẹgbẹ́ sì máa la hóró 300 wò fúnra rẹ̀ kí ẹrù tó kúrò nílé, nítorí ó sàn kí a ka mẹ́tàlá níwájú ara wa ju kí àlejò kà á fún wa lọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

1. Nínú ohun mẹ́rin tí bíbu ń fẹ́, èwo ni ó wà ní ìkáwọ́ wa? Kí ni ìdí rẹ̀?

2. Ẹgbẹ́ kan la hóró 300, ó rí 11 tí ó bu. Ipò wo ni kòkó náà wà? Mélòó ni kí ó dínkù kí ó tó lè bọ́ sí ipò kìíní?

3. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rọ́bà tí a tẹ́ lé kòkó láìsí ọ̀pá lábẹ́ rẹ̀?

4. Kí ni ìdí tí epo pupa kò fi dára fún ojú pákó?

5. Ẹ lọ wo pẹpẹ ẹgbẹ́ yín lẹ́yìn ìpàdé yìí. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀, orí pákó níbi tí ayùn ti gé e, àti ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ni ẹ rí, ta ni yóò sì tún un ṣe kí kòkó tó wọlé?